Tíṣà Ń Rù Jù Mí Lọ

Mọ́ńdè, 11 Fẹ́búárì 1974

Ìwé ìkọ̀wé méjì ni mo rà ní Ọ̀yìngbò lónìí. Ọ̀kan ni n ó máa kọ ohun tí Sístà Hilda fẹ́ kà sí. Èyí tí mo ń kọ yìí, òtítọ́ ló wà fún.

Sístà Hilda ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò wa ní Yábà. Ó ní kí n máa kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu mi wọlé, kí n máa mú un wá kí òun wò ó. Dókítà wọn, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, gbé mi sórí ìwọ̀n, ó ní kílò 94. Mo ní, "Dókítà, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì rélùwéè ṣe, kò sí èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé bí mi ò bá rù, ọjọ́ kan ni n ó ṣubú lulẹ̀ tí n ò ní dìde.

Èmi àti Tíṣà Theophilus la jọ lọ. Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tiwa. Àtìgbà tí Edith ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó pé ọdún méjì báyìí, ìbànújẹ́ àti búrẹ́dì ló ń jẹ. Kílò 91 ni tirẹ̀. Ìwé kan náà ni wọ́n fún àwa méjèèjì: iyọ̀ díẹ̀, epo ṣíbí kan, bíà rárá, kí á sì máa rìn láràárọ̀.

Lójú ọ̀nà, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn pé òun ò mọ ọbẹ̀ sè. Bí a ṣe délé, ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ni mo fi sọ fún ìyàwó mi pé, "Adùnọlá, ẹ̀fọ́ tí ò níyọ̀ tó o fẹ́ fi jẹ mí níyà, bu ti Tíṣà sí i, kí ìyà má jẹ èmi nìkan." Àwàdà ni mo ṣe o. Adùnọlá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wẹ́sìdeè, 13 Fẹ́búárì

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja tútù kan, èbà tí ò tó ojú ológbò. Mo wo abọ́, abọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo yọ́ jáde lọ sọ́dọ̀ Sàúdátù alákàrà létí rélùwéè, mo jẹ mẹ́fà. Nínú ìwé Sístà: "Ẹ̀fọ́. Omi. Àdúrà."

Sátidé, 16 Fẹ́búárì

Abọ́dúndé tó ń ra irin àlòkù ní Ọ̀yìngbò ní ìwọ̀n oníkílò tuntun. Ibẹ̀ ni a pinnu pé a ó ti máa wọn ara wa ní Sátidé Sátidé, kí á má baà máa tò lórí ìlà níwájú Sístà. Wọ́n sún ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan sẹ́yìn, wọ́n ní kí n gùn ún. Kílò 95! Mo fi ọ̀kan kún un. Tíṣà gùn ún: 90.

Abọ́dúndé ní, "Bàbá Fúnlọ́lá, bí ẹ bá fẹ́ tà, mo lè rà yín ní iye bàbà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé ikùn mi.

Túsìdeè, 19 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ ti lọ pátápátá. Ooru mú, ẹ̀wà sì tún gbówó lórí. Wọ́n ní ọ̀dá ló wà ní òkè Ọya.

Tíṣà dá abọ́ padà lálẹ́ yìí. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìyá Fúnlọ́lá, ọwọ́ yín dùn lọ́bẹ̀. Láìsí iyọ̀, láìsí epo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ abọ́ mọ́ ọn."

Adùnọlá rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín yẹn, mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Èbúté Mẹ́ta. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń jẹ ọbẹ̀ obìnrin yìí. Ṣé mi ò yìn ín rí ni? Mo rò ó títí. Mo rántí pé lọ́dún tí a bí Fúnlọ́lá, mo sọ pé ata kò pọ̀ jù.

Fúráìdeè, 22 Fẹ́búárì

Mi ò bá Tíṣà rìn láàárọ̀ yìí. Orúnkún. (Irọ́ ni. Oorun ni.)

Mọ́ńdè, 25 Fẹ́búárì

Orúnkún náà ni. Adùnọlá ní bí èmi ò bá lọ, òun á bá Tíṣà rìn, pé ẹsẹ̀ òun náà ń wú. Mo ní, "Máa lọ, kẹ́ ẹ bá mi kí Ọ̀yìngbò." Mo tún yíra padà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Sàúdátù, kí n tó jókòó ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò tíì jí ni? Ìyá àti Tíṣà ti kọjá tipẹ́. Wọ́n ń rìn bí ọkọ àti ìyàwó ọ̀ṣìngín."

"Gbé àkàrà wá, kó o yé sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yé jẹ àkàrà. Tíṣà kì í jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ wo bí ọrùn ẹ̀ ṣe yọ nínú kọ́là bí ti ọ̀dọ́kùnrin."

Mẹ́ta péré ni mo jẹ. Kì í ṣe nítorí dókítà.

Sátidé, 2 Máàṣì

Tíṣà: 86. Èmi: 94.

Ó dé ilé wa láti wá ròyìn. Adùnọlá pàtẹ́wọ́. Ó mú orí ẹja, orí ẹja Makókó tó tóbi, tí mo ti ń wò láti àárọ̀, ó fi sínú abọ́ Tíṣà. Ọ̀rọ̀ wá já bọ́ lẹ́nu mi nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán: "Ọkọ mélòó gan-an lò ń sè fún nínú ilé yìí?"

Ó kó abọ́ wọlé.

Mọ́ńdè, 4 Máàṣì

Adùnọlá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kí n jẹun, á gbé abọ́ kalẹ̀, á kàn án lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ṣíbí, bí ẹni ń pe adìyẹ.

Ṣùgbọ́n ó bá Tíṣà rìn láàárọ̀. Èmi náà sì tẹ̀lé wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á: èmi ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, mo fa fìlà bo ojú, mo ń sá láti ẹ̀yìn ògiri kan dé ẹ̀yìn òmíràn, láti Sábó dé Ọ̀yìngbò. Àwọn èèyàn yìí ń yára! Níbi tí wọ́n kó igi abẹ́ irin rélùwéè jọ sí, mo súnmọ́ wọn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n ń sọ. Adùnọlá ní kọ́ńgò ẹ̀wà ti fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá gòkè. Tíṣà ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò. Ajá kan wá ń gbó mọ́ mi, mo ní láti dùbúlẹ̀.

Tọ́sìdeè, 7 Máàṣì

Mo tún tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ kẹrin rèé. Bẹ́líìtì mi ti wọ ihò tuntun. N ò ráyè lọ sọ́dọ̀ Sàúdátù mọ́, torí bí wọ́n bá padà délé, mo gbọ́dọ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n máa hanrun.

Tíṣà ń mu omi bíi ràkúnmí. Ó dúró níbi ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ tọ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìlàgi lẹ́ẹ̀mẹta. Adùnọlá a kọ ẹ̀yìn sí i, a dúró dè é. Sùúrù tí kò ní fún mi rí, ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí nìyẹn.

Sátidé, 9 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, ilẹ̀ tutù. Mi ò lọ sórí ìwọ̀n. Ojú ń tì mí.

Mo tẹ̀lé wọn láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá ilé ìlàgi, mo gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kí wọ́n má baà rí mi. Níbi tí Tíṣà máa ń dúró sí lára ògiri, èèrà bo ilẹ̀. Wọ́n pọ̀ débi tí ilẹ̀ fi dúdú. Mo wo ibi tí àwọn agégi máa ń tọ̀ sí, kò sí èèrà kan.

Mo mọ nǹkan tí mo rí. Àbúrò bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí èèrà ṣe ń tò lẹ́yìn ilé rẹ̀ nìyẹn, títí tó fi rù tó dà bí igi, tó fi kú. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n pè é.

Mo dúró síbẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà mo fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Kí ló dé tí mo fi bò ó? Mi ò mọ̀.

Túsìdeè, 12 Máàṣì

Ó lè jẹ́ ṣúgà ni ẹnì kan dà síbẹ̀.

Fúráìdeè, 15 Máàṣì

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún Adùnọlá pé ó ti sọ Tíṣà di ọmọ ogún ọdún. Adùnọlá ń rìn bí ẹni tí wọ́n fún ní mẹ́dàlì.

Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá rù báyìí, ẹbí rẹ̀ á ti kó dé láti ìlú. Wọ́n á ní kí ni aya rẹ̀ ń fún un jẹ? Wọ́n á ní ta ló ń lépa rẹ̀? Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé dókítà ló ní kí á rù, nítorí náà bí Tíṣà ti ń gbẹ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo lè sọ ọ́. Bí mo bá sì dákẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè rẹ̀ ẹ́, kó dẹ́kun rírìn, kí Adùnọlá jókòó sílé. Mo ronú bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ronú bẹ́ẹ̀ gan-an.

Sátidé, 16 Máàṣì

Èmi: 90. Mo ti ju kílò mẹ́rin nù, kò sẹ́ni tó rí mi. Tíṣà: 80!

Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó di èjìká mi mú. Egungun ni mo gbá mú. Bàtà rẹ̀ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kù sórí ìwọ̀n. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Sọ́ńdè, 17 Máàṣì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà di ìwé orin mú, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n orin tí a ń kọ kọ́ ló ń kọ. Kò rí ìwé náà kà.

Mo sọ fún Adùnọlá bí a ti ń bọ̀. Mo sọ ti èèrà, mo sọ ti omi.

Ó dúró láàárín títì. "Bàbá Fúnlọ́lá! Ìlara yín ti wá dé orí ìtọ̀ onítọ̀?"

"Adùnọlá, gbọ́ mi."

"Nígbà tó sanra, ẹ ní ó dà bí àgbá epo. Ó wá rù, ẹ ní àìsàn ló ń ṣe é. Kí lẹ wá fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣe? Ẹ rò pé a ò rí yín lẹ́yìn igi rélùwéè? Ajá gan-an ti mọ̀ yín."

"O rí mi?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Tíṣà ní kí n má sọ̀rọ̀, pé ẹ kúkú ń rìn."

Mo fa fìlà mi bo ojú.

Mọ́ńdè, 18 Máàṣì

Mo lọ bá Tíṣà fúnra mi. Ó jókòó nínú fàráǹdà, àwo omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Theophilus, mo bẹ̀ ọ́, lọ rí dókítà. Àìsàn ló ń jẹ ọ́."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Oyèníran, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ nílé mi? Tí mo wọ kóòtù, tí mo so táì, tí mo jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?"

"Àwàdà nìyẹn."

"Èyí náà ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Èmi, lórí orúnkún mi tó ń dùn mí lóòótọ́ lónìí. Ó pariwo ẹ̀rín, ó ní, "Ẹ wá wo Oyèníran! Ó ti ń ṣe tíátà!" Àwọn aládùúgbò yọjú láti wá wòran.

Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń pa irọ́ tí gbogbo èèyàn ń gbà gbọ́. Mo wá ní òtítọ́ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Túsìdeè, 19 Máàṣì

Bí wọn ò bá gba òtítọ́ lọ́wọ́ mi, ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ni n ó fún wọn.

Mo lọ sí ìsọ̀ Abọ́dúndé nígbà tí èrò pọ̀, tí Tíṣà wà níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ta ìwọ̀n náà.

"Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ! Abọ́dúndé àti Tíṣà ló jọ yí ìwọ̀n yìí. Ta ló rí àgbàlagbà tó ju kílò mọ́kànlá nù ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Ojúṣàájú ni!"

Tíṣà dìde. "Èmi? Èmi tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́?"

"Tó bá dá ọ lójú, jẹ́ ká lọ sórí ìwọ̀n Sístà Hilda lọ́la. Bí ìwọ̀n yẹn bá ní o kéré sí 85, n ó máa gbé àpò rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù kan, bí ọmọ ọ̀dọ̀, níṣojú gbogbo ìjọ."

Sàúdátù pariwo láti ìdí àkàrà rẹ̀: "Bàbá, ìlara á pa yín o!"

Tíṣà ní, "Lọ́la, agogo mẹ́jọ. Kó o má pẹ́."

Wẹ́sìdeè, 20 Máàṣì

Mo ṣáájú rẹ̀ dé. Mo fa Sístà Hilda sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Sístà, ẹ bá mi gba ìtọ̀ ọkùnrin tó ń bọ̀ yìí. Ẹ ní òfin tuntun ni, pé ẹni tó bá gun ìwọ̀n gbọ́dọ̀ tọ̀ kọ́kọ́." Ó ní, "Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi, ṣùgbọ́n ó gbà.

Wọ́n gbé èmi sórí ìwọ̀n: 89. Ó wo ìwé tí mo ń kọ fún un, ó wò mí. "Kí lẹ ṣe?" Mo ní, "Ìjowú ni, Sístà. Ẹ máa kọ ọ́ fún àwọn yòókù."

Tíṣà dé pẹ̀lú kóòtù. 79. Ó na ìka sí mi lójú, ó dà bí ẹni pé ó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Sístà da ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ omi kan tó búlúù nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e sórí iná. Mo ń wò ó. Búlúù náà di àwọ̀ ewé, ewé di ìyeyè, ìyeyè di pupa bíi bíríkì. Sístà ní ṣúgà ló kún inú ìtọ̀ náà, ó fi ìgò sílẹ̀, ó sáré lọ pe dókítà.

Wọ́n wá mọ́tò tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kó tó wọ mọ́tò náà, ó wò mí. Mo ti múra de èébú. Ó ní, "Mélòó ni wọ́n pè é?"

"79."

"Wàá gbé àpò mi o."

Fúráìdeè, 22 Máàṣì

Wọ́n fa omi sí i lára. Ó sùn láti àná, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Dókítà ibẹ̀ ní bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, òkú ni à bá gbé wá.

Mo kà á lórí ìka mi. Láti ọjọ́ tí mo rí èèrà títí di ọjọ́ tí mo la ẹnu, ọjọ́ mẹ́jọ ni.

Sọ́ńdè, 24 Máàṣì

Tíṣà lajú. Ó bèèrè omi, wọn ò fún un tó bó ṣe fẹ́.

Adùnọlá sunkún nígbà tá a padà délé. Ó ní, "Mo ń bá ọkùnrin náà rìn lójoojúmọ́, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn igi, ẹ̀yin lẹ rí i."

Mo ní, "Mo rí i, mo sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó." Mo sọ ti ọjọ́ mẹ́jọ náà fún un. Mi ò mọ ohun tó sún mi sọ ọ́.

Ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ìkòkò, ó gbé ọ̀bẹ, ó kó wọn síwájú mi.

"Ilé ìwòsàn ní kí á máa gbé oúnjẹ wá fún un láti ilé. Ẹ sọ pé ọkọ mìíràn ni mò ń sè fún, àbí? Ẹ̀yin lẹ máa sè fún ọkọ náà báyìí."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Èmi nìkan ló ń ṣàwàdà nínú ilé yìí.

Túsìdeè, 26 Máàṣì

Mo jó ẹ̀fọ́. Ajá ilé kejì kọ̀ ọ́.

Sátidé, 30 Máàṣì

Adùnọlá jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ bíi fóòmáànù. "Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má bò ó. Ẹ yọ ọwọ́ nínú iyọ̀!" Ọdún méjìlélógójì, mi ò mọ̀ pé alùbọ́sà ń pa èèyàn lójú tó báyìí. Mo ní, "Ojoojúmọ́ lo ń sunkún báyìí nítorí mi?" Ó ní, "Alùbọ́sà kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Wẹ́sìdeè, 3 Épírì

Ẹ̀fọ́ mi dára lónìí. Adùnọlá tọ́ ọ wò, ó sì tún tọ́ ọ wò.

Sátidé, 6 Épírì

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo se ẹ̀fọ́ ṣọkọ pẹ̀lú ẹja tútù àti irú, epo ṣíbí kan, mo gé ata ṣọ̀mbọ̀ sí i bí èmi nìkan ṣe mọ̀. Mo di abọ́ náà mọ́ inú aṣọ kó má tutù, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn. Mi ò sinmi lójú ọ̀nà rárá.

Tíṣà ti ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ti ń ríran padà. Wọ́n ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ó ní òun ti ń kọ́ ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó ṣí abọ́, ó bu ẹ̀fọ́ sẹ́nu, ó di ojú, ó mi orí.

"Oyèníran, jọ̀ọ́, bá mi kí Ìyá Fúnlọ́lá dáadáa. Sọ fún wọn pé gbogbo ọbẹ̀ tí wọ́n ti ń sè fún mi látẹ̀yìn wá, àwàdà ni. Èyí gan-an ni ọbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yẹn ò lẹ́gbẹ́."

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn mẹ́rin sì ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ìyàwó rere ni Ọlọ́run fún mi.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ìka nu abọ́.

Mo ti délé báyìí. Adùnọlá bi mí pé kí ni Tíṣà sọ. Mo ní kò sọ nǹkan kan. N ò lè fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ọbẹ̀ èmi ni.